Ìṣẹ́jú Mẹ́rin ní Ibùdókọ̀ Tokyo: Bí Ẹgbẹ́ Òǹkàwé Wa Ṣe Ka Ìwé Matsumoto

Ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí kò nípọn. Ẹni tó bá jókòó tì í lè kà á tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Síbẹ̀, òun ló pẹ́ jù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òǹkàwé wa n'Íbàdàn, òun náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. Seicho Matsumoto, ará Japan, ló kọ ọ́. Wọ́n kọ́kọ́ ń gbé e jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn kan tó dá lórí ìrìn-àjò, láti 1957 wọ 1958, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ bí odindi ìwé ní 1958. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ti ń bi wá bí a ṣe rí i kà parí, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ ẹni tó pa èèyàn nínú ìtàn náà, kó yáa dúró síbí, nítorí mi ò ní fi nǹkan kan pamọ́.

A kò tíì ṣí ìwé tí wàhálà ti dé. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ló wà. Èyí tó jáde ní 1970 ń jẹ́ Points and Lines, èyí tí Jesse Kirkwood túmọ̀, tó jáde ní 2022, ń jẹ́ Tokyo Express. Ẹnìkan nínú wa rí ti àtijọ́ rà lọ́dọ̀ oníwèé àlòkù, àwọn tó kù ń ka tuntun lórí fóònù. Wọ́n ti ń bá ara wọn jiyàn lórí WhatsApp pé ta ló ra ìwé tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́. Bẹ́nì kan bá sì pe nọ́ńbà ojú ìwé, ẹlòmíràn á ṣí i, á ní níbi tí òun wà, òkú kankan ò tíì kú. Orí ìwé la wá ń pè dípò ojú ìwé nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ sì rọlẹ̀.

Bí ìtàn náà ṣe lọ nìyí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ òtútù kan nínú oṣù January, wọ́n rí òkú ọkùnrin kan àti obìnrin kan létíkun Kashii, lápá ìlú Fukuoka, ní erékùṣù Kyushu. Wọ́n sùn ti ara wọn, sáyánáìdì tí wọ́n pò mọ́ ohun mímu ló pa wọ́n. Sayama lorúkọ ọkùnrin náà, igbákejì olórí ẹ̀ka kan ni nínú iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Tokyo, níbi tí ọlọ́pàá ti ń wádìí ọ̀rọ̀ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́. Obìnrin náà ń jẹ́ Otoki, ó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà nílé oúnjẹ olówó kan ní Akasaka. Láyé ìgbà náà ní Japan, kò ṣàjèjì kí olólùfẹ́ méjì jọ gba ẹ̀mí ara wọn, nítorí náà àwọn ọlọ́pàá ti fẹ́ pa fáìlì dé. Wọ́n tilẹ̀ rí ẹlẹ́rìí. Oníṣòwò ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Yasuda fẹ́ wọkọ̀ lọ sí Kamakura lọ́jọ́ kan, àwọn obìnrin méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Otoki sì sìn ín dé ibùdókọ̀ Tokyo. Orí pèpéle 13 ni wọ́n dúró sí. Láti ibẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí Sayama àti Otoki lórí pèpéle 15, tí wọ́n jọ ń wọ Asakaze, ọkọ̀ ojú irin tó ń fi gbogbo òru sáré lọ sí Hakata, ibùdókọ̀ ìlú Fukuoka.

Ohun tí gbogbo wa ń bẹ̀rù ni orúkọ. Ìbẹ̀rù náà kò tó nǹkan. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ amòfin kọ orúkọ márùn-ún péré sórí bébà, ó yà á ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa: Yasuda, Sayama, Otoki, àti ọlọ́pàá méjì, Torigai ará Fukuoka àti Mihara ará Tokyo. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó ráhùn orúkọ mọ́.

Ibi tí ẹgbẹ́ ti dákú ni ọ̀rọ̀ àkókò.

Láàárín pèpéle 13 àti 15, ojú irin mìíràn wà tí ọkọ̀ ń wọlé tó ń jáde lórí rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá dúró lágbedeméjì á bo ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹni tó wà lápá ìhín kò ní rí ẹni tó wà lápá ọ̀hún. Mihara lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀, wọ́n jọ yẹ ìwé àkókò wò fínnífínní. Asakaze máa ń wọlé ní 17:49, ó máa ń gbéra ní 18:30. Nínú gbogbo àkókò yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni ojú fi lè ríran láti pèpéle 13 dé 15: láti 17:57 sí 18:01. Yasuda àti àwọn obìnrin méjì náà dúró síbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin yìí gan-an. Mihara wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ bóyá ó ṣèèṣì ni, tàbí ẹnìkan ti wo aago sílẹ̀ de ìṣẹ́jú náà, tó sì mú àwọn obìnrin náà wá kí wọ́n lè jẹ́rìí ohun tí òun fẹ́ kí wọ́n rí.

Ní Japan, mo gbọ́ pé apá yìí làwọn òǹkàwé fẹ́ràn jù. Lọ́dọ̀ tiwa, ńṣe ni wọ́n pa ìwé dé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń bi: bí ọkọ̀ bá pẹ́ ńkọ́? Ọkọ̀ tí wọ́n ní ó gbéra ní 17:57, bó bá gbéra ní 18:03, ìṣẹ́jú mẹ́rin ti dòfo, gbogbo ètò apànìyàn ti dàrú, ìwé ti parí. Ẹnìkan kọ ọ́ sórí gúrúùpù pé àròsọ tó jù fún òun ni kí wọ́n fi ẹ̀mí èèyàn méjì ra ìṣẹ́jú mẹ́rin lórí ìlérí iléeṣẹ́ rélùwéè. Àwa la jọ gbélùú tí wọ́n á ní kó o wá wọkọ̀ láago mẹ́jọ, tí wàá ti gbé oúnjẹ ọ̀sán dání. Matsumoto kò ronú irú wa rí nígbà tó ń kọ̀wé. Ẹni tó gbà gbọ́ nínú aago ló kọ ọ́ fún, ó sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, torí àwọn òǹkàwé ìwé ìròyìn ìrìn-àjò náà ni ìwé àkókò rélùwéè wà nínú àpò wọn. Àwa kò ní ìgbàgbọ́ yẹn, a ò sì lè rí ìdí tí ìdààmú Mihara fi ga tó bẹ́ẹ̀. Ìpàdé tó tẹ̀ lé e, àga tó ṣófo ju èyí tí èèyàn jókòó sí lọ.

Bàbá kan ló gbà wá. Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni, Bàbá Rélùwéè ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló máa ń mú un wá, kó má bàa dá jókòó sílé, kì í sì í ka ìtàn àròsọ. Ó máa ń wá, ó máa ń mu tíì, ó máa ń sùn díẹ̀. Lọ́jọ́ tí a ń pariwo lórí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó la ojú, ó ní, "Ẹ fún mi níwèé ọ̀hún." Ó gbé e lọ sílé.

Nígbà tó padà wá, pátákó páálí ńlá kan ló gbé wọlé, ara páálí tẹlifíṣọ̀n. Ó ti fi rúlà fa ìlà gbọọrọ mẹ́ta sí i lára, 13, 14, 15. Ó kọ àkókò sókè láti ọwọ́ òsì lọ sí ọ̀tún, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ní ààyè tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá fi lẹ́ẹ̀dì pupa kun gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe sọ ọ́. Bó ṣe ń kùn ún lójú wa ni pupa ń gba páálí náà, títí ó fi ku ààyè funfun tóóró kan lókè Asakaze, kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ó gbé ìka lé e. "Ìṣẹ́jú mẹ́rin yín rèé."

Ó ní báyìí náà ni wọ́n ṣe ń ya ìrìn ọkọ̀ sórí bébà níbi iṣẹ́, kí ẹni tó ń darí ọkọ̀ lè fojú kan rí ibi tí ọkọ̀ méjì yóò ti pàdé. Ẹnìkan wá bi í pé ṣé ọkọ̀ ò lè pẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní níbi tí ọkọ̀ bá pọ̀ sí bíi Tokyo, ọkọ̀ ò rí ààyè pẹ́, torí èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ń wá ojú irin tó wà lórí rẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ ò bá ti tó nǹkan ni wọ́n ti ń fi falẹ̀. Ó ní kí a má sì rò pé ilé wa kò mọ̀ ọ́n rí. Nígbà tí òun wọṣẹ́, ọkọ̀ tó bá pẹ́ dé Dùgbẹ̀, kúèrì ló ń jẹ́, wàá sì kọ ìdí tó fi pẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ ara rẹ. Mo wo ojú àwọn ọ̀dọ́ inú wa. Mi ò rò pé wọ́n tíì gbọ́ ọ rí pé ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1901, fi ìgbà kan ní ojúṣe sí aago.

Nǹkan tó wá dùn mọ́ Bàbá jù kò kan òkú rárá. Ó ní ojú irin tí Asakaze ń gbà lọ, fífẹ̀ rẹ̀ àti ti àtijọ́ wa ọgbọọgba ni: mìlímítà 1,067 láti irin kan sí èkejì. Èyí tuntun tó gúnlẹ̀ sí Mọ́níyà láti 2021 ló fẹ̀ jù ú lọ, 1,435 ni tirẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló tún un sọ. Ó ní àṣé ẹ̀rọ kan náà la jọ ń lò pẹ̀lú wọn, tó fi wá jẹ́ pé àwọn lè fi pa èèyàn, àwa ò lè fi dé Ọ̀ṣogbo lásìkò. A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni ìwé náà ṣí fún wa. Àwọn tó ti pa á tì tún gbé e.

Ohun tó tẹ̀ lé e dùn ún kà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló dàgbà lórí Lápàdé tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Torigai kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbà ọlọ́pàá tí kóòtù rẹ̀ ti gbó ni, ẹsẹ̀ ló fi ń ṣèwádìí, kì í na ẹnikẹ́ni. Nínú àpò Sayama, ó rí rìsíìtì kan láti inú kóòṣì tí wọ́n ti ń jẹun lórí Asakaze. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé èèyàn kan ló jẹun. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní bóyá ebi ò pa obìnrin náà. Torigai gbé ọ̀rọ̀ dé ilé, ó bi ọmọ rẹ̀ obìnrin léèrè: bí ẹni tó o fẹ́ bá ní kí ẹ jọ lọ jẹun, tí ebi ò sì pa ọ́, kí lo máa ṣe? Ọmọ náà ní òun á tẹ̀ lé e, kódà bó jẹ́ pé kọfí lásán lòun máa mu, torí ọ̀rọ̀ yẹn ju ọ̀rọ̀ ebi lọ.

Màmá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági ti sọ ọ́ ṣáájú kí a tó dé ibi tí ọmọ Torigai ti sọ̀rọ̀. "A jọ ń lọ kú, ó wá dá dìde lọ jẹun? Irọ́ ni. Wọn ò jọ ń lọ síbì kankan." Nígbà tí a kà á dé iwájú, tí a rí i pé Otoki ti sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà ní Atami, tí Sayama sì dá lọ sí Hakata, ńṣe ni Màmá gbé gèlè rẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Lójú tèmi, rìsíìtì yìí lágbára ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ń wá ẹni tó mọ rélùwéè, rìsíìtì ń wá ẹni tó ti fẹ́ èèyàn rí.

Kashii náà dára, àmọ́ mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ibùdókọ̀ méjì ló wà ládùúgbò náà, ti ìjọba àti ti iléeṣẹ́ aládàáni, wọn ò jìnnà síra. Àwọn ẹlẹ́rìí rí ọkùnrin kan àti obìnrin kan ní ìhín, wọ́n tún rí ọkùnrin kan àti obìnrin kan lọ́hùn-ún lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Gbogbo ayé kà wọ́n sí tọkọtaya kan náà. Torigai fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín láti ibùdókọ̀ kan dé èkejì, ó ń wo aago.

Ìjà ńlá kejì dé lórí Hokkaido, erékùṣù tó wà lókè àríwá Japan. Yasuda ní òun ò sí nítòsí Fukuoka rárá nígbà tí wọ́n kú, pé òkè àríwá lòun ń lọ. Ó tẹ wáyà sí oníbàárà rẹ̀ kan kó wá pàdé òun ní ibùdókọ̀ Sapporo, onítọ̀hún sì pàdé rẹ̀ lóòótọ́. Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò láti Aomori sí Hakodate ní ìwé tí orúkọ rẹ̀ wà, ọwọ́ rẹ̀ gan-an ló sì fi kọ ọ́. Mihara fi orí gbá ògiri yìí fún ọ̀pọ̀ ojú ìwé kó tó sọ sí i lọ́kàn pé èèyàn lè wọ ọkọ̀ òfurufú.

Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ kígbe. Ọmọ amòfin wa ní bó bá jẹ́ pé ọlọ́pàá Nàìjíríà ló gbàgbé bàlúù báyìí, a ò ní dákẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn àgbà ń gbèjà Mihara: 1957 ni, Shinkansen, ọkọ̀ ojú irin wọn tó ń sáré bí ọfà, gan-an kò tíì bẹ̀rẹ̀, 1964 ló dé, àwọn tó ń wọ bàlúù nígbà náà kò sì pọ̀. Mo gbà pé ìyẹn tó láti dárí ji ọlọ́pàá. Kò tó láti dárí ji òǹkọ̀wé tó mú wa rìn yíká bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti san gbèsè náà ni ọgbọ́n tó kẹ́yìn: Yasuda fò láti Fukuoka sí Tokyo, ó tún fò lọ sí Hokkaido, ó dé Sapporo ṣáájú ọkọ̀ ojú irin tó yẹ kó wà nínú rẹ̀, ó wá wọ ọkọ̀ mìíràn padà sẹ́yìn lọ sí Otaru kó lè wọ ọkọ̀ ọ̀hún láti ibẹ̀, kó sì sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ lójú ẹni tó wá pàdé rẹ̀. Ìwé orí omi yẹn, àwọn èèyàn kan láti iléeṣẹ́ ìjọba ló bá a mú un débẹ̀.

Ta ló ro gbogbo èyí? Kì í ṣe Yasuda. Ìyàwó rẹ̀ ni, Ryoko, tí ikọ́ ẹ̀gbẹ dá dùbúlẹ̀ ní Kamakura. Kì í sábà lè rìnrìn-àjò, nítorí náà ìwé àkókò rélùwéè ló ń kà lórí ibùsùn bí àwọn mìíràn ṣe ń ka ìwé àdúrà. Ó kọ àpilẹ̀kọ kékeré kan tó bọ́ sọ́wọ́ Mihara: ó ń wo aago lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ní ìṣẹ́jú yìí gan-an, ọkọ̀ méjì ń pàdé ní ibùdókọ̀ báyìí, àwọn mìíràn ń dúró lọ́hùn-ún, èèyàn ń sọ̀, èèyàn ń wọlé, òun náà á sì bá wọn lọ lọ́kàn rẹ̀. Mo ka ibẹ̀ jáde fún ẹgbẹ́. Obìnrin tó ń fi tábìlì àkókò rin gbogbo ilẹ̀ Japan lórí ibùsùn kan náà ló rí ààyè funfun tí Bàbá yà sórí páálí. Otoki sì ni àlè ọkọ rẹ̀, ó mọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà ní Kashii, Ryoko ló fún Sayama ní májèlé, Yasuda ló fún Otoki. Wọ́n wá gbé òkú méjì tí kò ní nǹkan kan pọ̀ tẹ́ síbì kan.

Ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba ló ku, ibẹ̀ sì ni mo ti rí i pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì kò nílò àlàyé Bàbá. Sayama mọ ohun tó pọ̀ jù nípa àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀, Ishida, fẹ́ kó dákẹ́, Yasuda sì ń wá ojúrere Ishida. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tú, Yasuda àti Ryoko gbé májèlé jẹ nílé wọn ní Kamakura. Ishida kò ṣẹ̀wọ̀n. Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn tó tilẹ̀ dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọmọ abẹ́ rẹ̀ tó ràn án lọ́wọ́ sì gba ìgbéga. Lẹ́tà tí Mihara kọ sí Torigai la ti mọ èyí. Àwọn kan nínú wa bínú pé ìwé ọ̀daràn tí olórí ọ̀daràn bá lọ lọ́fẹ̀ẹ́ kò parí. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọba ní ibẹ̀ nìkan lòun ti gbà pé òótọ́ ni òǹkọ̀wé ń sọ. Torí irú èyí ni wọ́n ṣe ń yin Matsumoto ní Japan, pé ó mú ìtàn ọ̀daràn kúrò nínú ilé ńlá àwọn olówó wá sí ọ́fíìsì àti ojú pópó.

Àwọn méjì tó ṣáko lọ nítorí ìṣẹ́jú mẹ́rin kò tíì padà. Ní tiwa tó kù, ìwé tó bá ní àkókò tàbí àwòrán ilẹ̀ nínú, a kì í dúró kó dà wá láàmú mọ́. Ẹnìkan á ti yà á sórí páálí kí ìpàdé àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá Rélùwéè kò sùn nípàdé mọ́, ṣùgbọ́n kò tíì dárí ji ìwé náà tán. Ó ní Yasuda lè mú ara rẹ̀ dé pèpéle 13 ní 17:57, ẹnu òun kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Báwo ló ṣe mú Sayama àti Otoki kọjá lórí pèpéle 15 láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin kan náà? Asakaze ti wà níbẹ̀ láti 17:49, kò ní lọ títí di 18:30. Wọ́n lè ti wọlé jókòó ní 17:52, wọ́n lè rọra dé ní 18:20. Ìwé náà kò sì ṣàlàyé ibẹ̀ tó.

Màmá Gbági ní kò sí ìṣòro níbẹ̀. Otoki ni Yasuda bá sọ̀rọ̀, obìnrin tí àlè rẹ̀ bá fún ní àkókò kì í yẹ̀ ẹ́, òun ló sì fa Sayama lọ́wọ́ dé ibẹ̀.

"Bí ìtọ̀ bá wá gbọ̀n Sayama lójú ọ̀nà ńkọ́, Màmá?"